Òkúta Àǹtí Dúpẹ́ ní Òkè Aṣọ́mi

Igbá ti ṣófo. Ohun tó fi ọkàn mi balẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà nìyẹn, ohun tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí èèyàn méjì nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde ni, ọjọ́ tí àwọn ìjọ máa ń lọ sí Gálílì. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé nígbà náà, ara gbogbo wa ń yá gágá. Ìjọ kan gba bọ́ọ̀sì láti Ìkẹ́rẹ́ wá sí abúlé wa, láàárín Ìsẹ̀ àti Èmùré, kí wọ́n lè gun Òkè Aṣọ́mi, kí wọ́n sì wo adágún tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti mú wọn gòkè, mo ti mú wọn sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ti tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ti ṣí kúlà ìrẹsì, Pásítọ̀ wọn sì ti bu tèmi pẹ̀lú ẹran méjì lórí. Òjò ń ṣú bọ̀ láti apá Èmùré, ṣùgbọ́n ó ṣì jìnnà. Ó dà bí ẹni tó ń rò ó lọ́kàn bóyá kí òun wá tàbí kí òun jókòó sílé.

Mo jẹun tán, mo lọ fọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta pẹlẹbẹ tí àwọn àlejò máa ń bọ́ bàtà ọ̀ṣọ́ wọn sí kí wọ́n tó wọ kámbáàsì. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Bàtà obìnrin kan, aláwọ̀ ewé, gìgísẹ̀ rẹ̀ ga díẹ̀. Wọ́n tò ó pọ̀ jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ẹni tó ni ín bá wà nínú ilé tó ń sùn.

Mo gbé e sókè, mo béèrè pé ta ló ni ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní bóyá òkè ló ni ín, pé òkè náà fẹ́ lọ sí ìgbéyàwó. Ẹlòmíràn ní kí n gbé e lọ fún ìyàwó mi, kí ọbẹ̀ alẹ́ lè dùn. Àmọ́ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fọlákẹ́, ọ̀kan nínú àwọn akọrin wọn, gbé ṣíbí ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàtà Àǹtí Dúpẹ́ ni," ló wí.

Mo bi í pé níbo ni Àǹtí Dúpẹ́ wà. Ó wò yíká. Àwọn yòókù náà wò yíká, ẹ̀rín sì ń kúrò lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí wọ́n bá ń pa àtùpà.

"Òkúta wọn ńkọ́? Kò sí òkúta kankan nínú igbá mọ́," ni mo bi í.

Ó ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù rẹ̀. Òkúta méjì ló mú jáde, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun tó ní ìlà pupa lára.

"Èmi ni mo bá wọn mú un, Bọ̀ọ̀dá. Mo rò pé wọ́n wà lẹ́yìn mi ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mú un nílẹ̀."

Mo gbójú sókè wo òkè. Òjò ti ṣe ìpinnu rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ òkúta yìí tó lè yé ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe, ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn. Iṣẹ́ amọ̀nà lórí òkè ni mo ṣe, láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n mi títí orúnkún mi fi kọ̀ jálẹ̀. Bí mo ṣe wọ inú rẹ̀ kò gùn ún sọ. Mo ka ìwé mẹ́fà, kò sí agbára láti tẹ̀ síwájú, bàbá mi bá mú mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ajíbádé. Èrè ibẹ̀ kò ju ti àgbẹ̀ alábọ́ọ́dé lọ. Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ orúkọ mi mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn, ó fi díẹ̀ dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ ká jókòó síbẹ̀.

Adẹ́mu ni Bàbá Ajíbádé kó tó di amọ̀nà. Ọ̀pẹ tó lẹ́mu jù lọ wà ní ìbàdí òkè náà, ibẹ̀ ló ti mọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa fi adágún han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, òun ni gbogbo abúlé nawọ́ sí. Ó ga, ó gbẹ, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èyí tó bá sì sọ, tilé-tilé ni: ulé ló ń pe ilé, uṣu ló ń pe iṣu, kì í yí i padà nítorí pé àlejò ti Èkó wá. Igbà rẹ̀, okùn líle tí àwọn adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ, kì í kúrò léjìká rẹ̀. Mo máa ń rò ó nígbà náà pé ó ń gbé e sùn.

Ní ọdún kìíní, n kò mú ẹnikẹ́ni gòkè. Ìgbálẹ̀ ló fi lé mi lọ́wọ́. Ní kùtùkùtù, kí ìkùukùu tó gbéra lórí omi, mo ti wà lójú àpáta tí mò ń gbá ewé gbígbẹ àti yanrìn wẹ́wẹ́ kúrò lọ́nà, nítorí pé yanrìn wẹ́wẹ́ lórí àpáta, ọmọ ìyá ọṣẹ ni. Àwọn òwúrọ̀ wọ̀nyẹn ṣì máa ń wá bá mi lójú oorun. Adágún kì í hàn rárá. Gbogbo ìsàlẹ̀ á funfun bí òwú tí wọ́n sá sílẹ̀. Màá gbọ́ ohùn àwọn apẹja tí wọ́n ń kí ara wọn, màá gbọ́ àjẹ̀ wọn nínú omi, ṣùgbọ́n n kò ní rí ọkọ̀ kankan, bí ẹni pé inú sánmà ni wọ́n ti ń pẹja. Tó bá yá, oòrùn á fi ìka kan ya ìkùukùu náà, omi á yọjú níbi tó ya, á dúdú bí aró, òkè mìíràn á sì dojú kọlẹ̀ nínú rẹ̀. Màá gbàgbé ìgbálẹ̀. Ọ̀gá mi á wúkọ́ lẹ́yìn mi, ẹ̀ẹ̀kan péré. Màá máa gbálẹ̀ lọ.

Ní ọdún kejì, ó ní kí n bọ́ bàtà, kí n di ojú, kí n máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ ka àpáta. Ibi tó bá rí hánhán, ọ̀rẹ́ ni. Ibi tó bá ń dán tó sì ní ìlà dúdú, ọ̀nà omi ni; bí kò tilẹ̀ sí òjò, má gba ọ̀nà tí omi ń gbà. Ibi tó bá rọ̀ tó sì tutù, èbíbu ni; ọ̀tá ni. Bí mo bá ṣì í pè, màá padà sísàlẹ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo gun òkè yẹn ní ìgbà mẹ́rin láìdé orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tí mo bá ń kánjú, á ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn, á sì jókòó, á fi imú ṣe èéfín tábà bí ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn láyé.

Ní ọdún kẹta ló tó fi igbá hàn mí.

Ẹ mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́ wa nìyẹn, Kìrìsìtẹ́nì tí a jẹ́ kò yí i padà. Kò sí bí amọ̀nà ṣe máa na ìka sí ọmọ ọlọ́mọ lórí òkè kó máa kà wọ́n bí ewúrẹ́. Síbẹ̀, amọ̀nà gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá gbogbo ẹni tí òun mú lọ ló bá òun bọ̀. Ohun tí Bàbá Ajíbádé ń ṣe ni pé, kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́sẹ̀ lé òkè, kó ṣa òkúta kan nílẹ̀, èyí tó bá wù ú, kó wò ó dáadáa, kó sì sọ ọ́ sínú igbá ńlá kan ní ìsàlẹ̀. Tó bá sọ̀kalẹ̀, kó mú òkúta tirẹ̀. Bí igbá bá ṣófo, gbogbo èèyàn ti dé. Bí ó bá ku òkúta kan, ẹnì kan ṣì wà lókè. Kò sí ẹni tí a kà.

Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹni tó ni òkúta ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ mú un. Amọ̀nà á sì dúró ti igbá títí ti ìkẹyìn á fi kúrò níbẹ̀.

Mo rú òfin yìí lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Ìyá àgbà kan sọ̀kalẹ̀, ó di ìbàdí mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ta ni yóò dúró máa wo àgbà kó bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀? Mo bá a mú un, mo gbé e fún un tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì súre fún mi. Ọ̀gá mi rí mi. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó ṣa òkúta kan tó tóbi tó ẹyin àparò, ó ní kí n fi í sẹ́nu, kí n gun òkè dé orí, kí n sì sọ̀kalẹ̀.

"Ẹnu rẹ á lè rántí," ló wí, "pé òkúta ẹlòmíràn kò ṣeé gbé mì."

Mo ṣe é. Itọ́ ń dà lẹ́nu mi bí ti ajá. Mo bínú sí i fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mo sì rò pé ìkà ni. Ọdún tó tó ogún kọjá kí n tó mọ̀ pé àánú ló ń ṣe.

Ẹ̀bi ọjọ́ Gálílì yẹn, èmi ni mo ni ín. N kò ní dà á lé ọmọ Fọlákẹ́ lórí. Ohun tí mo ṣe sí ìyá àgbà lòun náà ṣe sí àǹtí rẹ̀, ilé tó dára ló ti kọ́ ọ. Bí mo bá dúró ti igbá, ǹ bá ti rí i. Àmọ́ Pásítọ̀ pè mí wá jẹun, ó pè mí lẹ́ẹ̀kejì, mo sì wò ó pé kò bójú mu kí wọ́n máa pe èèyàn sí oúnjẹ kó máa wo igbá. Mo fi í sílẹ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé.

Fọlákẹ́ sọ fún mi pé Àǹtí Dúpẹ́ ní kí àwọn máa lọ, pé òun fẹ́ wo omi náà díẹ̀ sí i. Ọdún méjìlá ló ti lò ní Èkó, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wálé láti ṣiṣẹ́ ìjọba ní Adó ni. Ó ní òun ti gbàgbé pé ibì kan wà láyé tí ariwo kò sí.

Mo mú okùn náílọ́ọ̀nù tuntun tí wọ́n rà fún mi, mo sáré. Ọ̀nà òkè gba iwájú ilé ọ̀gá mi kọjá. Ó ti darúgbó nígbà náà, ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí. Ó wo bàtà obìnrin tí mo ṣì gbé dání láìmọ̀, ó wo ojú mi.

"Wọ́n bá a mú un," ni mo wí.

Kò bú mi. Ó gba bàtà náà lọ́wọ́ mi, ó yọ igbà kúrò léjìká, ó sọ ọ́ kọ́ mi lọ́rùn. Mo ní mo ní okùn lọ́wọ́. Ó ní òun rí i.

Mo ti dé ìdajì òkè nígbà tí òjò dé. Mo rí i bó ṣe ń bọ̀: aṣọ funfun kan dìde ní òdìkejì adágún, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ lórí omi, kò kánjú, bó sì ṣe ń bọ̀ ni omi ń pa àwọ̀ dà lábẹ́ rẹ̀. Ó rẹwà. Ó yà mí lẹ́nu títí dòní pé mo ráyè rí i pé ó rẹwà. Lẹ́yìn náà ló bò mí, n kò rí ju ọwọ́ mi lọ mọ́. Mo bọ́ bàtà mi, mo di ojú, mo sì ń fi ẹsẹ̀ ka àpáta bí mo ṣe kọ́ ọ.

Kò sí ẹnikẹ́ni ní orí òkè. Mo pè é, mo pè é. Nígbà tí òjò fà sẹ́yìn díẹ̀, mo gbọ́ ohùn kan láti apá ibi tí a kì í gbà, apá tó dojú kọ omi. Àǹtí Dúpẹ́ ni. Ó ti sùn lọ lórí àpáta, òjò ló jí i. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn fún oorun, ó sì tẹ̀lé ibi tó mọ́lẹ̀ tó ń dán. Ọ̀nà omi ni. Ó yọ̀ ọ́ dé etí kan tí igi ọ̀dán ti hù jáde láti inú àpáta tó sán. Igi yẹn ló gbà á dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti kán, ó tẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ kì í tẹ̀ sí.

Mo so náílọ́ọ̀nù mọ́ àpáta kan, mo dì í mú, mo ń sọ̀kalẹ̀. Okùn dáadáa ni ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú òjò, ó di ẹja. Ó yọ́ lọ́wọ́ mi, mo já bọ́, ẹ̀yìn ni mo fi yọ̀ títí mo fi kọ lu ìdí ọ̀dán náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Náílọ́ọ̀nù ń jù fìrì lókè, ọwọ́ mi kò tó o. Lábẹ́ wa, kò sí nǹkan kan. Òfuurufú ni, lẹ́yìn náà omi.

Màá sọ òtítọ́. Ìtọ̀ bọ́ lára mi. Mo dúpẹ́ pé òjò ń rọ̀.

Obìnrin náà yíjú sí mi. Ètè rẹ̀ ti funfun.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ̀yin ni amọ̀nà wa yẹn?"

Mo ní èmi ni.

"Ta ló wá ń bọ̀ wá mọ̀nà fún ẹ̀yin?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni mo rántí ohun tó wà lọ́rùn mi. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Mo yọ igbà. Ó ti fa omi mu, ó ti le sí i. Mo gbé e yí ìdí ọ̀dán ká, mo gbé e yí Àǹtí Dúpẹ́ ká lábẹ́ abíyá, mo fi èyí tó kù so ara mi, mo sì ta á bí mo ṣe rí i tí ọ̀gá mi ń ta á lórí ọ̀pẹ. Ó mú. Kò yọ̀ rárá. Ó ń fẹnu jẹ èèpo igi náà bí ẹ̀dá alààyè.

N kò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó tí a fi wà níbẹ̀. Òjò dá. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ yọ lábẹ́ awọsánmà, gbogbo adágún sì di wúrà, wúrà tó ń mí sókè-sódò bí àyà ọmọ tó ń sùn. Ẹyẹ funfun mẹ́ta fò kọjá nísàlẹ̀ wa. Ẹ rò ó wò: ẹyẹ ń fò, ẹ̀yin ló wà lókè rẹ̀. Ó ń dá mi lójú nígbà mìíràn pé mo sùn, pé lójú àlá ni mo ti rí ọ̀gá mi pẹ̀lú ìgbálẹ̀, tó ń gbá ojú omi. Àǹtí Dúpẹ́ ní kí n má jẹ́ kí òun sùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í nípa Èkó. Ó sọ fún mi nípa ilé alájà mẹ́rin tó gbé, tí omi kì í dé òkè. Ó ní òun gbé garawa gun àtẹ̀gùn yẹn títí, òun kò sì ṣubú níbẹ̀ rí, àfìgbà tí òun wálé wá gbafẹ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, a gbọ́ ohùn. Pásítọ̀ àti àwọn ọkùnrin abúlé ti dé. Ọ̀gá mi wà nísàlẹ̀, ó ń kígbe ibi tí wọn yóò gbẹ́sẹ̀ lé àti ibi tí wọn yóò fi sílẹ̀. Ó fi ojú inú rí òkè náà láti ilẹ̀. Wọ́n ju igbà mìíràn sí wa. Àǹtí Dúpẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fà gòkè. Nígbà tí ó kàn mí, ọwọ́ mi kọ̀ láti fi ọ̀dán náà sílẹ̀. Ẹnì kan ní láti sọ̀kalẹ̀ wá tú ìka mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀rù tó tẹ̀lé e gùn ju ti orí òkè lọ. Wọ́n gbé Àǹtí Dúpẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn, àwọn dókítà sì ní ọgbẹ́ ẹsẹ̀ náà jìn, pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n gé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wakọ̀ wá láti Èkó. Kò pariwo. Ó jókòó sórí àga mi, ó wo ilẹ̀, ó ní òun ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ pátá.

"Tí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ àbúrò mi," ló wí, "ilé ẹjọ́ ni màá ti rí ẹ. Màá sì dúró níbẹ̀ títí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n á fi tì mọ́ ẹ."

Ìyàwó mi gbé omi fún un, ó mu ún, ó dúpẹ́, ó lọ.

Oṣù lé oṣù. A ti òkè pa. Lójoojúmọ́ ni mò ń retí ọlọ́pàá, tí ọ̀kadà bá ti dúró lójú ọ̀nà, màá yọjú wo ìta. Bàtà aláwọ̀ ewé náà wà lábẹ́ ibùsùn mi, nítorí kò sẹ́ni tó rántí gbà á. Mo máa ń nù ún ní ọjọ́ Sátidé. Ìyàwó mi bi mí kí ló dé tí mò ń nù ún, mo ní kó má baà bu. Pásítọ̀ máa ń ránṣẹ́ sí wa: wọn kò tíì gé e, wọ́n tún ẹsẹ̀ ṣí, wọ́n tún un tò, wọn kò tíì gé e. Mo gbìyànjú láti gun òkè nígbà kan, èmi nìkan, pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Mo dé ibi tí ìlà dúdú àkọ́kọ́ wà, mo jókòó, mo sì fi ìdí wọ́ padà bí ọmọ ọwọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Mo lọ sọ fún ọ̀gá mi pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, pé mo ti di ojo.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tó àkókò tí wàá bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Ẹni tí kò bẹ̀rù òkè, kó lọ gbin uṣu."

N kò fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan sì yí padà lẹ́yìn ìgbà náà. Ìjọba ìbílẹ̀ ri irin mọ́ ibi tó yọ̀ jù. Wọ́n fún mi ní fèrè àti bàtà onírọ́bà tí ń mú àpáta. Wọ́n fún mi ní ìwé ńlá kan, kí àlejò máa kọ orúkọ sí i bó bá ń lọ, kó sì fọwọ́ sí i bó bá dé. Ìwé dára, mo sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọkọ tó fọwọ́ sí i fún ìyàwó rẹ̀, mo ti rí tíṣà tó fọwọ́ sí i fún odidi kíláàsì, inú rere ló sì ń mú gbogbo wọn ṣe é. Nítorí náà, igbá kò kúrò níbẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì, igbà kò sì kúrò léjìká mi. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, tàbí iṣẹ́ mìíràn tí ẹ̀mí èèyàn bá so mọ́, ẹ gba irinṣẹ́ tuntun tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ti àtijọ́ kí ni ó ń ṣọ́ kí ẹ tó jù ú nù. Bí wọ́n bá sì pè yín wá jẹun nígbà tí igbá kò tíì ṣófo, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ṣeun, kí wọ́n bu tiyín pamọ́.

Mo fi ọjọ́ kan sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn.

Ọjọ́ Gálílì ọdún kejì ni. N kò retí ẹnikẹ́ni, nítorí òkè ṣì wà ní títì. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé mi ní ìsàlẹ̀ òkè pẹ̀lú ọ̀gá mi nígbà tí ọkọ̀ kan dúró. Ẹ̀gbọ́n tó wá láti Èkó ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Mo dìde, mo sì mọ̀ pé ọjọ́ náà ti pé. Mo ní kí ìyàwó mi bá mi mú ẹ̀wù.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn kejì ṣí, tí Fọlákẹ́ jáde, tó sì na ọwọ́ sẹ́yìn. Àǹtí Dúpẹ́ di ọwọ́ náà mú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó gbé ìkejì. Ó fi ọwọ́ Fọlákẹ́ sílẹ̀, ó sì ń rìn bọ̀ wá bá wa. Ó ń tiro díẹ̀, díẹ̀ péré, bí ẹni tí ilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ sí létí.

Ó kúnlẹ̀ kí ọ̀gá mi. Ó kí mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bọ̀ọ̀dá, igbá yẹn dà?"

Mo gbé e wá, mo gbé e kalẹ̀ sí ibi tó máa ń wà. Fọlákẹ́ mú òkúta kan jáde nínú báàgì, ó funfun, ó ní ìlà pupa lára. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó ti wà láti ọjọ́ náà. Ó sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé òun kò lè jù ú nù, òun kò sì lè wò ó. Àǹtí Dúpẹ́ gbà á, ó sọ ọ́ sínú igbá. Ó ró kó.

Lókè orí wa, ìkùukùu ń kúrò lórí òkè.

Àǹtí Dúpẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ sì ń dún. Fọlákẹ́ sún síwájú láti bá a mú un. Èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ la jọ nawọ́ dá a dúró.

"Jẹ́ kí wọ́n mú un fúnra wọn," ni mo wí.

Ó mú un. Ó dìde pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ẹsẹ̀ náà, ó wo igbá, ó sì wo èmi. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn ti tán." Ó na ọwọ́ sí mi, mo bọ̀ ọ́.

Mo wọlé lọ gbé bàtà aláwọ̀ ewé náà jáde. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó rí bó ṣe ń dán. Ó jókòó sórí àpáta pẹlẹbẹ, ó wọ̀ ọ́, ọ̀tún, òsì, ó sì rìn dé ìdí ọkọ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo wo inú igbá. Ó ṣófo. Mo tún lọ wo orí àpáta pẹlẹbẹ náà, mo yí i ká tìṣọ́ratìṣọ́ra, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí bàtà kankan níbẹ̀.